Òtútù Tó Rọra Wọlé

Òtútù tó rọra wọlé ní í fọ́lé. Gbogbo wa là ń pa á lówe ní ilé ìwòsàn wa, àwọn ará ìlú náà sì ti gbà á lẹ́nu wa. Ta ló mọ ibi tó ti wá? Àwọn kan ní ọyẹ́ ló bí i. Rárá o. Mo wà níbẹ̀. Àní, ọwọ́ mi ló fà á... ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo.

Obìnrin kan wà, Abẹ́ní, onídìrí ni. Irun tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re. Ta ni yóò gbé orí fún onídìrí tó ń di apárí? Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Dókítà Ọlátórera wá gé awọ méjì lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju wóró ìrẹsì lọ, gbòǹgbò irun sì wà nínú wọn. Ó fẹ́ fi ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ ohun kíún di ràbàtà wò ó, bóyá gbòǹgbò náà ṣì pé.

Abẹ́ní di orí mú. "Dókítà, méjì yìí náà ni o! Ẹ ò ní fi abẹ kàn mí mọ́. Ṣé orí mi ti di ẹran ọjà ni?"

Iṣẹ́ tèmi ni láti mú kí awọ náà dì gbagidi, kí wọ́n lè rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ẹ̀rọ náà. A ní omi kan tó tutù ju yìnyín lọ, èéfín funfun ń rú lára rẹ̀. Inú rẹ̀ la ń ti awọ bọ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fi ẹ̀mú mú ti àkọ́kọ́. Mo rọra, mo rọra ń tì í bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn.

Nígbà tí Dókítà wò ó, ó mí kanlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ya bí àkísà.

"Bàbá Kọ́lápọ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Mo rọra ni, mà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Háà! Ẹ̀sọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Omi wà nínú ẹran ara. Tó bá rọra dì, yìnyín á hu eyín, á sì máa gún gbogbo ibi tó bá kàn. Tó bá dì lójijì, kò ní ráyè hu eyín. Ilé lẹran ara, Bàbá. Òtútù tó rọra wọlé ní í fọ́lé."

Ó ku ẹyọ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fúnra rẹ̀ ṣe é.

"Ọwọ́ yín mọ iṣẹ́ yìí," ó ní. "Ẹ̀rù yín ni kò mọ̀ ọ́n."

Mo di ẹ̀mú mú. Mi ò mí. Mo tì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣàà!

Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tán, Dókítà pè mí wá wò ó. Gbòǹgbò náà jókòó pérépéré, ibì kankan ò ya. Ó ṣì pé, oògùn lè ràn án lọ́wọ́. Abẹ́ní gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, tó bá ti hù, ọ̀fẹ́ ni màá dirun fún ìyàwó yín." Ìyàwó mi ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mi ò sọ fún un.

Òwe yìí kò ní kí èèyàn máa kánjú o. Ẹni tó ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, tí ìbẹ̀rù ń mú kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́, òun ni a ń pa á fún: ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ ní ìwọ̀n eékánná, ẹni tó ń bu òtítọ́ fún aya rẹ̀ ní ṣíbí. Wọ́n ti pa á fún èmi náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó sì tọ́ sí mi.