Ọwọ́ Àwẹ̀ró Lára Aṣọ Funfun

"Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́." Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọmọ ta ni, ẹ̀kọ ta sì ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ti ṣá nínú iyè mi. Ìtàn yìí kò ṣá. Ìyá ìyá mi ló máa ń sọ ọ́ bó bá ti ń ṣí ewé lára ẹ̀kọ gbígbóná fún wa.

Aláró kan wà ládùúgbò wa láyé àtijọ́, Ojúọlápé lorúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó bímọ, nígbà tó sì bí Àwẹ̀ró, ńṣe ló ń gbé e bí ẹyin. Aṣọ funfun tí àwọn ènìyàn kó wá fún un láti rẹ ló kún àgbàlá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìdọ̀tí kan án. Bí ọmọ bá fẹ́ rákòrò, á gbé e pọ̀n. Bó bá nawọ́ sí oúnjẹ, á di ọwọ́ méjèèjì mú, á máa fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, á máa nu ẹnu náà. Àwọn aládùúgbò wá sọ Àwẹ̀ró ní Ọmọ-kì-í-dọ̀tí, inú ìyá rẹ̀ a sì máa dùn.

Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ Àwẹ̀ró ti ń rìn tàgétàgé, wọ́n ti ń bu ẹ̀kọ jẹ fúnra wọn. Ibi tí wọ́n bá gbé òun kalẹ̀ sí ló ń jókòó sí, á la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Bí kì í bá sì ṣe ọwọ́ ìyá rẹ̀, á pa ẹnu dé.

Lọ́jọ́ kan, aró pọ́n nínú ìkòkò, ó tó í rẹ aṣọ. Aró tó bá sì ti pọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ojúọlápé ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò dé ìgúnpá nígbà tí ebi mú ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Lálónpé, fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu títí, ó kọ̀. Ọmọ ké, ó ké, títí ohùn rẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ sì ń rọ. Ni ìyá àgbà bá ṣí odidi ẹ̀kọ kan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì káwọ́ sẹ́yìn.

"Màmá! Ẹ gbé e kúrò ńbẹ̀! Á ra á mọ́ aṣọ aláṣọ!"

"Kó ra á."

"Ẹ̀yin náà ni ẹ ó sọ fún aláṣọ o!"

"Ìyàwó, nawọ́ rẹ kí n rí i."

Ojúọlápé yọ ọwọ́. Ó dúdú láti èékánná dé ìgúnpá.

"Nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́ aró, ta ló di ọwọ́ tìrẹ mú? Àbí ẹnu lo fi kọ́ ọ?"

Ojúọlápé fẹ́ fèsì, ẹ̀rín ló jáde.

Àwẹ̀ró fi ìka kan tọ́ ẹ̀kọ wò. Ó wo ìka náà. Ó wá ki gbogbo ọwọ́ bọ̀ ọ́. Èyí àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, èkejì wọ etí.

"Ẹnu kọ́ nìyẹn o, ọkọ mi! Sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀!" ni ìyá àgbà ń wí.

Òmíràn wá bá ẹnu pàdé. Bó ṣe gbé e mì, bẹ́ẹ̀ ló tún bu sí i, títí ẹ̀kọ fi tán. Ó wá ń wọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó di aṣọ funfun kan tó wà lórí okùn mú, ó sì fà á, ó dìde dúró! Ojúọlápé figbe ta. Kì í ṣe nítorí aṣọ.

Ẹ̀kọ ti gbẹ mọ́ aṣọ náà kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ojúọlápé rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá aró á bo àbùkù. Àmọ́ nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ọwọ́ kékeré kan funfun báláú láàárín aró: ibi tí ẹ̀kọ gbẹ mọ́ kò gba aró. Ó kúnlẹ̀ fún aláṣọ, ó ń bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà na aṣọ sókè, ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ kan ṣoṣo kẹ̀? Ẹ bá mi fún ọmọ náà lẹ́kọ sí i!"

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe. Bí ọmọ bá ń kọ́ oúnjẹ jẹ tó ń dà á nù, tàbí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá ṣì í ṣe tí ọ̀gá fẹ́ gbaná jẹ, wọ́n á ní: ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó ra á ná. Omi ìfọwọ́ kò wọ́n.