Gọ́ọ̀mù Tó Di Ẹnu Sípíkà

Àdìgún, ọkùnrin kan wà. Dúró níbẹ̀ yẹn, má tíì gòkè lọ bá ọmọbìnrin rẹ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ìtàn náà kò sì gùn.

Ọkùnrin yìí ń tún rédíò àti sípíkà ṣe. Lọ́jọ́ kan, onísitúdíò kan gbé sípíkà ńlá wá bá a, irú èyí tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú, tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń fẹ́. Òun ni wọ́n fi ń gbọ́ gbogbo orin tí wọ́n bá ká sílẹ̀ ní sitúdíò. Ó ti dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Bí eléyìí bá bàjẹ́ tán, iṣẹ́ onísitúdíò náà parí nìyẹn.

Alátùn-únṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó tú gbogbo ìdè, ó fẹ́ yọ bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo wáyà so mọ́. Bọ́ọ̀dù kọ̀, kò yọ.

Ni onísitúdíò bá fi igbe ta: "Fà á! Àbí ọwọ́ obìnrin lo ní ni?" Ọwọ́ obìnrin! O ò rí ẹnu. Àwọn tó ń na ara mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ náà dá sí i, wọ́n ní kí àwọn bá a fi òòlù kàn án díẹ̀.

Inú bí alátùn-únṣe. Ó ti rí bọ́ọ̀dù tí wọ́n fà ya rí, ó sì mọ̀ pé kì í ṣeé tún ṣe mọ́. Ó ràdọ̀ bo sípíkà náà bí adìyẹ tó rí àṣá. "Mi ò fà á," ó ní. "Ẹ bú mi títí ilẹ̀ ó fi ṣú, mi ò fà á. Ohun tí kò bá yọ, nǹkan ló dì í mú. Ẹ máa pariwo yín, èmi ó wá nǹkan náà."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú. Kí ló rí? Gọ́ọ̀mù! Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, tí ẹnìkan rọ yí etí bọ́ọ̀dù po, tó ti gan bí òkúta.

"Ta ló rọ gọ́ọ̀mù síbí?"

Onísitúdíò wo ilẹ̀. "Èmi ni," ó ní. "Nǹkan kan ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ń dójú tì mí lójú àwọn oníbàárà. Mo ní kó lè dákẹ́ ni."

Ó kúkú dákẹ́! Wáyà kan ló ti ń tú nídìí. Dípò kó tú u wò, ó fi gọ́ọ̀mù dí i lẹ́nu.

Alátùn-únṣe kò bú u. Ó yá ẹ̀rọ tí onídìrí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ń gbẹ irun, ó ń fẹ́ ooru sí gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi òwú gé e bó ṣe ń rọ̀. Onísitúdíò ń kùn, òun ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀dù jáde láìya. Wáyà ọjọ́sí ti já pátápátá. Ó fi òjé jó o pọ̀, sípíkà sì sọ̀rọ̀.

Àdìgún, ìwọ ni mo ń bá wí. Ìbíyẹmí ọmọ rẹ ti ilé ọkọ dé láti ọjọ́ Àìkú, kò sọ ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. O ń lu ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn lórí lókè, o ní kó sọ̀rọ̀ tàbí kó gbé ẹrù rẹ̀ padà. Ta ló di ẹnu rẹ̀? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ fún àdúrà, ohun tó o sọ ni pé, "Má gbé ẹjọ́ kankan padà wá sílé mi o." Gbogbo wa sì ṣe àmín! Nígbà tó wá kí wa lọ́dún, tó fẹ́ wí nǹkan, o ní ṣé ó ti gbàgbé ohun tó o sọ ni. Gọ́ọ̀mù rẹ nìyẹn.

Mo ti jókòó sẹ́nu àtẹ̀gùn yìí, mi ò sì dìde. O ò ní gba orí mi kọjá lọ fa ọmọ yẹn ya. Bó o bá máa gòkè, lọ sọ fún un láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé o ti gba ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o jókòó sílẹ̀, kí ìwọ náà dákẹ́.