Òkúta Tó Gbọ́ Àròyé Àwẹ̀ró

Ní ilẹ̀ Àbàtà Pupa, níbi tí oòrùn méjì ti ń yọ pọ̀ láràárọ̀, òrìṣà kì í ti ọ̀run sọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ bí i. Ohunkóhun tí ènìyàn bá ń bá sọ̀rọ̀ fún ọdún méje láìsinmi, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe odò, yóò lajú lọ́jọ́ kan, yóò sì di òrìṣà. Nítorí náà, àwọn ará ibẹ̀ máa ń ṣọ́ ẹnu wọn nídìí ohun tí kò lè fèsì.

Àwẹ̀ró amọ̀kòkò nìkan ni kì í ṣọ́ tirẹ̀. Obìnrin yìí mọ ìkòkò í mọ, àmọ́ ó mọ àròyé í ṣe jù ú lọ. Lórí òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́yìnkùlé ló ti ń gún amọ̀, bó bá sì ti gbé ọmọ odó sókè báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ọ̀jẹ́dìran ọkọ mi kò jẹ́ kí etí mi sinmi. Bí kò bá kọrin, á ní iyọ̀ pọ̀ lọ́bẹ̀. Àwọn oníbàárà ńkọ́? Wọ́n á fi ìka kan ìkòkò mi kó-kó-kó, wọ́n á ní ó ti sán, kí n lè tà á fún wọn lọ́pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọdún méje gbáko. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òkúta náà lajú.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá mi," ló wí. "Mo dé láti gbè yín. Gbogbo ohun tó ń yọ yín lẹ́nu ni màá kó kúrò lónìí."

Inú Àwẹ̀ró dùn ṣìnkìn. Ta ló tún bí òrìṣà tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀? Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lóòótọ́, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀jẹ́dìran la ẹnu, ohùn kò jáde. Àwọn oníbàárà á dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn á sì yí padà. Lọ́jọ́ kìíní, Àwẹ̀ró sùn fọnfọn. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ayé dára. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ó mọ̀ọ́mọ̀ da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sínú ọbẹ̀, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó tì í, ó ń retí. Ọ̀jẹ́dìran jẹ ẹ́ tán, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò lè sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù wá ba Àwẹ̀ró pé bóyá òun kò ní gbọ́ ohùn ọkùnrin yìí mọ́ láéláé.

Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé. "Òrìṣà, kí ló dé tí o fi ba ilé mi jẹ́?"

"Ṣé mo ṣì í ṣe ni, ìyá mi?" Òkúta ń gbọ̀n bí ọmọ tó fọ́ àwo. "Ẹnu yín ni mo ti wá. Ohun tí ẹ sọ nìkan ni mo mọ̀. Ẹ kò sọ fún mi rí pé ẹ fẹ́ràn ohùn ọkọ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Orin Ọ̀jẹ́dìran ló mú un fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òkúta rí, kò sì sọ ọ́ fún ọkọ pàápàá.

"Ó dáa, fún un ní ohùn mìíràn."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní nǹkan. Mímú kúrò nìkan ni ẹ kọ́ mi. Àbí kí n mú etí yín náà kúrò, kí ìdákẹ́jẹ́ yìí má baà dùn yín mọ́?"

Àwẹ̀ró yára fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. "Rárá o. Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, jọ̀wọ́, ṣe mí bí o ṣe bá mi."

"Ìyẹn yé mi," ni òkúta wí. "Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni màá mú kúrò."

Àwẹ̀ró kò tíì wọlé tán tó fi gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀: "Àwẹ̀ró, ṣé ọbẹ̀ lo sè fún mi ni àbí òkun?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ẹ tún un sọ, baálé mi," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: Òrìṣà, bí o kò lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi.