Ògiri Ìlú Ìyìn àti Oorun Àṣàkẹ́

Ohun tí ẹ ti fura sí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: mo padà bọ̀. Bí igbó bá ti pa mí ni, ta ni ìbá jókòó síwájú yín báyìí, tí ìbá máa jẹ iṣu sísun yín bí ẹni tí ó bá yín kọ ebè? Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rù nítorí ẹ̀mí mi, kí ó fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ mi, ọmọ Ọdẹ́wálé, ará Apárá-Òdò. Baba mi pa ẹfọ̀n, kò pariwo. Èmi pa òkété, mo sun ìjálá títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà tí mo sì ti pa ẹkùn kan ṣoṣo tí mo pa láyé, kò sí alẹ́ kan tí n kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa kí n máa ki ara mi: èmi ìjì tí ń gbé òkè, èmi òjò tí ń lé olóko wọlé, èmi ikú tí ń wọ ṣòkòtò. Ohùn mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ọdún náà gan-an ni oorun kọ Àṣàkẹ́ aya mi sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, ara rẹ̀ gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí ó bá ń gún iyán, ọmọ odó a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbéké, wò ó títí, ó ní: “Ọkọ ọmọ mi, bí oṣù yìí bá wọ̀ tí ọmọ yìí kò sùn, inú sàréè ni yóò ti sùn.”

Àgbà ọdẹ kan wá sọ fún mi pé ahoro Ìlú Ìyìn, níbi tí àwọn òòṣà gbé rí, wà nínú Igbó Àìfìdíkalẹ̀, àti pé kànga kan wà láàárín ilé wọn tí omi rẹ̀ ń fún ni ní oorun. Mo gbé ìbọn, mo gbé akèrègbè, mo jáde.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, igbó náà kò mọ ìjókòó. Igi ń dìde, igi ń jókòó, bí àlejò tí a fún ní àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Òkúta ń yí ìhà padà, odò ń ṣàn lọ, ó ń ronú, ó ń ṣàn bọ̀. Bí mo bá fi ìdí lé ilẹ̀, ilẹ̀ a ní kí n sún díẹ̀. Bí mo ṣe ń rìn láìsinmi nìyẹn títí mo fi rí ahoro náà: òpó idẹ tí ó dùbúlẹ̀ bí ọ̀mùtí, ilẹ̀kùn tí ń tàn láìsí iná, ojúbọ tí ìtàkùn ti bò mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí òórùn obì tútù ṣì ń ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀dá kan dúró lẹ́nu ibodè. Amọ̀ ni ara rẹ̀, etí ni ó sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí olú ti ń bo kùkùté. Ó ní Etí-Ògiri ni orúkọ òun.

“Kú ìrìn, ọdẹ. Kí ni o ń wá?”

“Omi oorun ni, baba. Aya mi kò sùn mọ́.”

“Kí ni ó ń lé oorun lójú rẹ̀?”

“Àwọn ọ̀tá mi ni. Ìlara ẹkùn tí mo pa ni wọ́n ń ṣe.”

Gbogbo etí rẹ̀ mì tìtì. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ní: “Ohùn rẹ a máa dé ìhín lálaalẹ́. O ń gbìyànjú.”

Inú mi dùn.

Ó ní: “Wọlé. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ìyìn ni a fi kọ́ ìlú yìí. Nígbà tí àwọn ará ibí ń yin òòṣà, bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu wọn ni òkúta ń gun òkúta. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yin ara wọn, ògiri ga kọjá òrùlé, oòrùn kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, àwọn òòṣà kó ẹrù wọn, ìlú wó. Òkúta kò tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ o.”

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n etí ọdẹ, ẹran ni ó wà fún. Mo dé ìdí kànga, mo pọn omi kún akèrègbè, mo sì wúkọ́ díẹ̀. Ẹ wá gbọ́ bí ilé náà ti gba ikọ́ mi, tí ó ń gbé e láti ògiri dé ògiri bí ọmọ tuntun! Asunjálá wo ni yóò gbọ́ irú ìyẹn kí ó pa ẹnu mọ́? Mo da ohùn sílẹ̀. N kò júbà, n kò dárúkọ ẹni tí ó kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbà ni ọdẹ ń kọ́kọ́ jú kí ó tó la ẹnu. “Èmi ìjì tí ń gbé òkè!” Òkúta kan fò dìde. “Èmi òjò tí ń lé olóko wọlé!” Òmíràn gùn ún. Mo rò pé ojúbọ ni wọ́n ń kọ́ fún mi, mo tún fi kún un. Ìgbà tí ògiri ga ju orí mi lọ ni mo tó ṣàkíyèsí pé wọn kò yọ ilẹ̀kùn sí i.

“Baba, ẹ gbà mí! Akọni bíi tèmi kò yẹ kó—” Òkúta mìíràn tún gùn ún.

“Dákẹ́ ná, ìjì tí ń gbé òkè,” ni Etí-Ògiri wí lóde. “Ta ni ó kọ́ ọ ní ìjálá?”

“Baba mi ni.” Òkúta kan bọ́ sílẹ̀.

“Ẹkùn ńkọ́? Ta ni ó dojú kọ ọ́?”

“Ajá mi ni. Orí igi ni èmi wà.” Òkúta ń já lulẹ̀ bí àgbọn.

“Ta ni ó ń gún iyán tí o fi ń rí agbára kọrin?”

“Àṣàkẹ́ ni.”

“Ta ni ó sì ń gbọ́ orin náà?”

“Àṣàkẹ́ náà ni.”

Gbogbo ògiri tí ó kù wó lẹ́ẹ̀kan náà, gbìì! Etí-Ògiri tẹjú mọ́ mi, bí ẹni tí ń retí kí n fi nǹkan kan kún un. Mo gbé akèrègbè mi. Mo dúpẹ́, mo ré kọjá.

Mo sáré títí ẹsẹ̀ mi fi fẹ́ kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀ fún mi, nítorí oṣù ti tín-ín-rín bí èékánná. Ọ̀sán gangan ni mo wọ agbo ilé wa. Ìyá Àgbéké pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka lé ètè.

Mo ní: “Ìyá, ṣé ó ti lọ ni?”

“Lọ sí ibo? Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ọkọ ọmọ mi. Ó ń sùn ni.”

“Omi oorun ni mo gbé dé yìí o!”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọrin.”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ máa júbà kí ẹ tó la ẹnu, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wá ohun tí ó sọnù lọ sínú igbó, kí ó kọ́kọ́ gbọn ẹní ilé rẹ̀ wò. Èmi ṣì ń ki ara mi, ṣùgbọ́n oko ni mo ti ń ṣe é, níbi tí àgbàdo kò ti lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá. Akèrègbè náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí di òní, omi rẹ̀ kò dín. Láti alẹ́ ọjọ́ tí mo jáde nílé ni Àṣàkẹ́ ti ń sùn.