Géèmù Ọ̀gá Láníhùn
Ọ̀gá Láníhùn, tó fúnra rẹ̀ kó géèmù kún ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀, ló ń jágbe mọ́ Wúràọlá akọ̀wé rẹ̀ pé kọ̀ǹpútà náà kì í tètè ṣí: "Lọ́la, ìgbà tí mo bá wọlé ni kí o tàn án. Tí mo bá jókòó tí kò tíì ṣí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Má sì yọ géèmù mi kankan." Bó ṣe wọlé lọ́jọ́ kejì, Wúràọlá tàn án, gbogbo òṣìṣẹ́ sì tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé ńkọ́, ìyá ńkọ́, ajá ńkọ́. Inú bí ọ̀gá: "Ṣé gbogbo yín ló máa kí mi kí n tó jókòó ni?" Wúràọlá ní, "Bí géèmù yín ṣe ń dí kọ̀ǹpútà lọ́nà láràárọ̀ nìyẹn, sà. Tí mo bá ti tàn án, gbogbo wọn ló ń bá a jí. Ó ti ṣí báyìí, ẹ wá jókòó." Ọ̀gá jókòó, ó fajú ro. "Yọ wọ́n."