Èèrí Tó Gé Ìrù Ewúrẹ́ Kúrú

Nígbà láéláé, ìrù ewúrẹ́ gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá Àbẹ̀jẹ́, tó ń ṣe ògì tà, tó sì ń sin Ewúrẹ́ àti Àgùntàn, kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti gbá àgbàlá. Bí Ewúrẹ́ bá ti rìn yí ilé ká, ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ fẹ́ràn ìrù yìí ju ọmọ tó bí lọ. Bó bá ń kọjá, á ní kí gbogbo ẹran yà fún ìrù òun.

Èèrí ògì ni oúnjẹ wọn. Ìyá Àbẹ̀jẹ́ a máa sá a sórí àpáta kó gbẹ. Lọ́dún kan, òjò rọ̀ títí, oòrùn kò yọjú. Èèrí inú apẹ̀rẹ̀ bá bu, ohun funfun bí òwú bò ó. Ìyá Àbẹ̀jẹ́ gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé, ó da èèrí náà síbẹ̀, ó fi erùpẹ̀ bò ó.

Ewúrẹ́ ń wò ó. Ó ní, "Àbúrò mi, o rí i? Ó ti rí oúnjẹ aládùn, ó ń fi í pa mọ́ fún wa."

Àgùntàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná."

"Ẹni tí kò mọ oúnjẹ ní ń gbóòórùn. Èmi mọ̀ ọ́n."

Ó fẹsẹ̀ hú ilẹ̀, ó jẹ èèrí títí kò fi lè mí dáadáa. Ojoojúmọ́ ló sì ń padà lọ.

Kò pẹ́, ìrù rẹ̀ tutù. Adìẹ ń fẹnu ṣá ìrù náà, Ewúrẹ́ kò mọ̀. Nígbà tó wẹ̀yìn tó rí i, ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó pe Ẹ̀jẹ̀, ìránṣẹ́ rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ kiri ara.

"Kí ló dé tí o kò gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ìrù mi?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Májèlé inú èèrí yẹn ti mú kí ọ̀nà mi fún. Mo fẹ̀gbẹ́ wọlé, kò gbà mí. Mo fa ikùn sínú, kò gbà mí."

"Fi ipá wọ̀ ọ́."

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀gá, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọjà. Ẹ má jẹ èèrí yẹn mọ́, bóyá yóò ṣí kí ìrù yín tó kú."

Ewúrẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá lẹ́bàá ihò, ó ní òun kàn máa tọ́ ọ wò. Nígbà tó fi máa gbórí sókè, ihò ti ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì, ó fẹ́ gba àárín ọgbà kọjá. Ìrù kọ́ igi, ó dá pàá. Kò tilẹ̀ dùn ún, ìyẹn gan-an ló sì mú un sunkún. Ìyá Àbẹ̀jẹ́ bá a kẹ́dùn dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó mú ìrù náà, ó fi gbá àgbàlá.

Nígbà tí májèlé tán lára Ewúrẹ́, ọ̀nà ṣí, ṣùgbọ́n kùkùté nìkan ni Ẹ̀jẹ̀ bá níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìrù ewúrẹ́ ti kúrú. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ìbáà ṣe ewé tútù. Bó bá sì ń jẹun, á máa gbọn kùkùté ìrù yẹn tìtì. Ẹ má rò pé eṣinṣin ló ń lé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bi léèrè pé, "Ṣé o ti dé ibẹ̀?"