Ìròyìn Àṣàkẹ́ Tó Wọlé Tí Kò Dé

Àwọn ará Òkè-Ìgbálá máa ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ lè wọlé kó má dé." Àlejò tó bá gbọ́ ọ a béèrè pé báwo ni ohun tó ti wọlé ṣe tún lè wà lójú ọ̀nà. Ikú obìnrin kan ló kọ́ wọn.

Fẹ̀hìntọlá ni akọ̀wé ọsibítù ìlú náà. Láràárọ̀ ni ilé ìtọ́jú abúlé mẹ́jọ ń fi orúkọ àwọn aláboyún àti bí ara wọn ṣe rí ránṣẹ́, òun ni yóò sì tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àkójọ inú kọ̀ǹpútà. Bó bá kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, á dìde lọ sọ fún àwọn agbẹ̀bí, ọkọ̀ a sì lọ gbé e. Kò sẹ́ni tó yan ìyẹn fún un. Ojú rẹ̀ ló ń rí i.

Nígbà tí ọrùn ń dùn ún jù, ó kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí yóò ṣe máa kó gbogbo rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Bó bá débi iṣẹ́, á bá a lójú kọ̀ǹpútà pé, "Gbogbo rẹ̀ ti wọlé." Ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Nọ́ọ̀sì Mojíṣọlá pè é láti Ìdí-Ọsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ Àṣàkẹ́ ń ru, kí ẹ fi ọkọ̀ ránṣẹ́."

Fẹ̀hìntọlá yẹ kọ̀ǹpútà wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rí i níbẹ̀.

"Ó wọlé, Nọ́ọ̀sì. Gbogbo rẹ̀ ló wọlé."

"Ó wọlé, kò dé. Tí mo bá ti kọ ọ́, ọkọ̀ máa ń wá, ìyẹn ni mo ṣe ń retí yín. Gìrì mú un lánàá. A ti sin ín."

Fẹ̀hìntọlá gun ọ̀kadà lọ sí Ìdí-Ọsàn. Làmídì, ọkọ olóògbé, fún un ní àga.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹrù tí Àṣàkẹ́ dì fi wà lẹ́nu ọ̀nà," ni Làmídì wí. "Ó ní ẹ ń bọ̀."

Fẹ̀hìntọlá ì bá di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. "Èmi ni mi ò wò ó," ló sọ. Làmídì ò bú u, kò sì dárí jì í. Ọ̀nà ló ń wò.

Kọ̀ǹpútà ṣì ń kó orúkọ wọlé títí dòní, ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá kì í jẹun àárọ̀ láìkà á tán. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó di ti gbogbo ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti jíṣẹ́, wọn a bi í pé ta ló gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ lè wọlé kó má dé.